Ìbaaka Inú Ogún

Ọjọ́ tí Kàmọ́rù sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé ti bàbá àwọn ni ìbaaka tó wà lẹ́yìnkùlé, pé kí wọ́n kà á mọ́ ogún kí wọ́n sì tà á, bàtà ni Sarat àbúrò rẹ̀ ń rán lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. Ó kàn fa okùn bàtà náà, ó fà á, ó fà á títí ó fi já.

Wọn kò tíì kó ẹní fídáù nílẹ̀ tán. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá tó kú, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Sabon Gari Zaria débi pé òun fúnra rẹ̀ máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé Hausa lòun fi ń lá àlá. Bàbá Oníbàtà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bàtà tó sọ ọ́ di ẹni mímọ̀ ni èyí tí kò lẹ́yìn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń pè ní háàfù-ṣúù. Awọ bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ níwájú, gìgísẹ̀ wà níta gbangba. Ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ní í bẹ̀rẹ̀ kó tó bọ́ ọ: ó dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ẹsẹ̀ yọ, ó kírun tán, ẹsẹ̀ tún wọlé. Àwọn onímàle fẹ́ràn rẹ̀ nítorí èyí. Àwọn ìyàwó olùkọ́ yunifásítì ní GRA fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó bá ìgbà mu.

Bàbá ló ń gé awọ, Sarat ló ń rán an, Kàmọ́rù tó jẹ́ àkọ́bí ló ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Nítorí pé Kàmọ́rù ló ń sọ̀rọ̀, òun ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sarat kì í sọ̀rọ̀. Bí àlejò bá wọlé, yóò kí i láti abẹ́ ìbòrí rẹ̀, yóò sì tún tẹrí ba sórí iṣẹ́.

Inú Birni, ìlú àtijọ́ tó wà nínú odi, ni wọ́n ti ń ra awọ, lọ́dọ̀ àwọn Hausa tó ń rẹ ẹ́ sínú kòtò tí òórùn rẹ̀ ń pàdé ènìyàn lọ́nà. Ìbaaka ló ń rù ú wálé. Ẹṣin ni ìyá ẹranko náà, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni bàbá rẹ̀. Ó gba gíga lọ́dọ̀ ìyá, ó gba etí lọ́dọ̀ bàbá, agídí rẹ̀ kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó ti gbà á. Òun náà ló ń ru bàtà tí wọ́n ti rán tán lọ sí Samaru àti GRA, tí Sarat á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà kan, ìyàwó ọ̀gbẹ́ni Ọlábánjí, olùkọ́ kan ní yunifásítì, ń gbé háàfù-ṣúù wò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ló bá ní orúkọ kan náà ni òyìnbó fi ń pe bàtà náà àti ẹranko tó rù ú wá: miúùlù. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ ìdí rẹ̀ fún òun. Ojú ń ti Sarat, ó tẹrí ba. Ṣùgbọ́n bó ti ń da ìbaaka bọ̀ wálé, ó rò ó lọ́kàn pé ó yé òun. Àwọn méjèèjì ló ń gbé ẹlòmíràn rìn, ẹnu ọ̀nà náà sì ni wọ́n máa ń fi àwọn méjèèjì sí.

Bí ìbaaka ṣe di tirẹ̀ nìyí. Lọ́dún ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí koríko gbẹ tí màálù ń kú káàkiri, pátákò ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ìbaaka bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Bàbá mú un bọ̀ láti Birni, ó ń tiro, ẹrù sì wà lórí Bàbá àti Kàmọ́rù, Sarat ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu odi ìlú, Bàbá ní ó ti sú òun, pé ẹran rẹ̀ kò ṣeé jẹ fún onímàle, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ṣeé lò fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n tú okùn rẹ̀ kó máa lọ síbi tó bá wù ú. Sarat kúnlẹ̀ sínú eruku níbẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́.  Bàbá ní bí ìbaaka bá yè, ti Sarat ni, ó sì yíjú sí Kàmọ́rù, ó ní kó gbọ́ ọ o. Kàmọ́rù rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Sarat máa mú un lọ, kó bí mọ́tò fún un.

Sarat fi omi iyọ̀ wẹ pátákò náà lójoojúmọ́. Nígbà tó rí i pé eruku kò jẹ́ kí egbò náà jinná, ó gé àjákù awọ, ó rán bàtà fún un, ó sì fi okùn dè é mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Gbogbo àdúgbò jáde wá wo ẹranko tó wọ bàtà. Wọ́n rín in títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìbaaka yè. Láti ìgbà náà, Sarat ló ń ra èèrí ọkà tó ń jẹ, nínú ohun tó ń rí lórí bàtà. Òun ló ń gbá ibùsùn rẹ̀, òun ló ń dá a lọ dá a bọ̀. Ní Birni, àwọn obìnrin tó ń ta kúlíkúlí lẹ́nu odi kò mọ orúkọ rẹ̀. Mai alfadari ni wọ́n ń pè é, oníbaaka.

Wàyí o, ọdún Údòjì dé. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fò sókè, alùpùpù kún títì, gbogbo ọkùnrin tó tó ọkùnrin ń fi eruku Họ́ńdà bo ara wọn lójú. Kàmọ́rù fẹ́ tirẹ̀. Ó sọ fún àwọn ẹbí pé kò sẹ́ni tó ń rìn tẹ̀ lé ìdí ẹranko mọ́ láyé Údòjì, pé ọkùnrin kan tó ń fa òkúta fún àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ti ṣe tán láti ra ìbaaka náà. Sarat mọ ẹranko tí ọkùnrin yẹn ń lò. Kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń lò ó títí yóò fi wó, yóò sì lọ ra òmíràn.

Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tó já okùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Àáfà Jímọ̀, tó ń pín ogún náà, jẹ́ arúgbó tó máa ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Kó tó pín ohunkóhun, ó béèrè bí ẹnikẹ́ni bá wà tí Bàbá fún ní nǹkan kí ó tó kú. Ó ní ohun tí òkú ti fi tọrẹ kì í ṣe ogún mọ́, ó ti di ti ẹni tí wọ́n fi ta lọ́rẹ, bí ẹlẹ́rìí bá ti wà.  Ibi tí àwọn obìnrin jókòó sí ni ohùn ti jáde.

"Tèmi ni ìbaaka."

Gbogbo orí yíjú síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì gbọ́ ohùn Sarat rí ju ti ìkíni lọ. Abdulrahman, àbúrò bàbá wọn tó ti Ìlọrin wá, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìlọrin, ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Ọmọge, ọkọ la ní kó o mú wá, ìbaaka lò ń wá."

Ẹ̀rín sọ. Sarat dúró kó tán. Ojú kò tì í mọ́. Ó sọ ohun tí Bàbá sọ lẹ́nu odi. Ó sọ ti èèrí, ó sọ ti bàtà awọ, ó ní gbogbo Birni ló ń pe òun ní oníbaaka. Bàbá Ìlọrin ní dírẹ́bà náà ń jẹ́ ọlọ́kọ̀ lẹ́nu èrò. Àáfà Jímọ̀ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó béèrè ẹlẹ́rìí. Sarat ní ẹ̀gbọ́n òun ni.

Kàmọ́rù wo àjà. Ó ní Bàbá máa ń sọ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, pé òun kò rántí èyí.

Sarat wò ó. Ó rò pé yóò yíjú sí òun, ṣùgbọ́n Kàmọ́rù ti ń bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀ nípa nǹkan mìíràn. Inú bí Sarat débi tí etí rẹ̀ fi ń hó. Àáfà ní bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, ẹni tó sẹ́ ni yóò búra. Bí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán, kí Kàmọ́rù gbé ọwọ́ lé Àlùkùránì níwájú gbogbo ilé, kó sọ pé bàbá òun kò fún Sarat ní ìbaaka. Tó bá búra, kí wọ́n tà á. Kàmọ́rù ní ó ti dáa.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tọ Sarat. Ọmọ́bísí, ìyàwó Kàmọ́rù, ló kọ́kọ́ wá, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun kó yọwọ́. Àwọn àǹtí wá. Bàbá Ìlọrin fúnra rẹ̀ wá, ó ní òun ti rí ọgbọ́n sí i: kí wọ́n tú ìbaaka sílẹ̀ láàárín àgbàlá, ẹni tó bá tẹ̀ lé nínú àwọn méjèèjì, òun ló ni ín, ìbúra ò sí mọ́. Ó rò pé inú ọmọ náà á dùn, nítorí ta ni ìbaaka ìbá tún tẹ̀ lé?

Sarat ní òun kò fẹ́. "Ẹni tó bá mú èèrí dání ni yóò tẹ̀ lé, ẹranko ni. Bàbá mi, ènìyàn ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀."

Bàbá Ìlọrin yínmú. Ó jáde, ó ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ọmọ náà ti bá ìbaaka gbé jù, ó ti kó ìwà rẹ̀.

Nígbẹ̀yìn, ìyá wọn pè é sí ilé ìdáná. Kò sí iná lórí àdògán, kò sí ohun tí wọ́n ń sè. Ìyá jókòó lórí àpótí, Sarat kúnlẹ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ó sọ ti bàbá wọn tó lọ, ó sọ ti ilé tó dà lé Kàmọ́rù lórí báyìí, ti ọmọ, ti aya, ti ìyá, ti Sarat alára tí kò tíì lọ́kọ, pé Kàmọ́rù kì í sùn, pé ìrònú ni ẹ ń rí tí ẹ ń pè ní ojúkòkòrò yẹn. Ó ní kí Sarat lọ bá Àáfà, kó ní òun ti fi sílẹ̀. Ó ní òun mọ ọkùnrin kan ní Ìlọrin tó búra irú rẹ̀, tí ojú rẹ̀ méjèèjì fọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà.

"Ṣé o fẹ́ pa ọmọ mi ni?"

Sarat gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì tún un gbọ́ nínú ara rẹ̀. 

"Ìyá, bó bá jẹ́ òótọ́ ló fẹ́ sọ, kí ni Àlùkùránì á fi ṣe?"

 Ìyá ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu orúnkún rẹ̀, ó ń nù ún bí ẹni pé nǹkan dà sí i. Ibẹ̀ ni ojú Sarat ti là. Ọmọ́bísí tó gbé ọmọ pọ̀n wá, àwọn àǹtí, Bàbá Ìlọrin tó ń wá ọgbọ́n, gbogbo wọn ni ẹ̀rù ìbúra ń bà. Ẹni tí ẹ̀rù ìbúra Kàmọ́rù bá ń bà, ó ti mọ̀ pé irọ́ ni yóò pa. Òun ti rò pé wọn ò gba òun gbọ́ ni. Wọ́n gba òun gbọ́. Gbogbo wọn pátá ló gba òun gbọ́, wọ́n sì tún wá ń bẹ òun.

Ó béèrè bóyá Bàbá sọ ọ́ fún un.

"Ó sọ ọ́," ni Ìyá wí. "Ọjọ́ náà gan-an, bó ti wọlé. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti fi ìbaaka arọ ta ẹ́ lọ́rẹ. Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe, Sarat? Kí n dìde láàárín àwọn ọkùnrin, kí n pe ọmọ mi ní òpùrọ́?"

"Èmi ńkọ́, Ìyá? Ọmọ ta ni mí?"

Ìyá na ọwọ́ sí i. Sarat ti dìde. Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó dúró ti ìbaaka, kò sì fọwọ́ kàn án. Ó ń ṣe é bíi kó kígbe, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kígbe, nítorí kò ṣe é rí. Ìbaaka ń jẹun lọ ní tirẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Wọ́n tẹ́ ẹní sí àgbàlá, Àáfà jókòó, ó gbé Àlùkùránì tí wọ́n fi aṣọ funfun dì sórí tìmùtìmù níwájú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin yí i ká, àwọn obìnrin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kàmọ́rù ti ṣe àlùwàlá, omi ṣì ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó yọ ẹsẹ̀ nínú háàfù-ṣúù rẹ̀ létí ẹní, ó sì kúnlẹ̀. Àwọ̀ pupa ni bàtà náà. Sarat mọ ojú abẹ́rẹ́ tó wà lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àáfà tú aṣọ náà. Ó kọ́ Kàmọ́rù ní ohun tí yóò sọ, ó sì ní kó gbé ọwọ́ wá. Kàmọ́rù gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àáfà."

Sarat ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó rìn wọ àárín àwọn ọkùnrin, ó kúnlẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ ọ, ó tẹrí ba bí wọ́n ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ohùn tó jáde kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ́ ọ.

"Kó tó búra, ẹ bá mi bi ilé yìí ní nǹkan kan. Kò sẹ́ni tí kò tíì bẹ̀ mí nínú wọn pé kí n má jẹ́ kó búra. Ẹ bá mi bi wọ́n: kí ni wọ́n ń bẹ̀rù?"

 Bàbá Ìlọrin ní kí ọmọbìnrin yìí padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àáfà gbé ọwọ́ sí i pé kó dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú wọn lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, ó rọra ń wò wọ́n, kò kánjú. Ojú tó bá bá pàdé, ilẹ̀ ló ń wò. Ó wo Ọmọ́bísí, Ọmọ́bísí ń tún ọjá ọmọ dè. Ó wo Bàbá Ìlọrin, ìyẹn ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó kan ìyá wọn, obìnrin náà ti fi etí ìborùn dí ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

Kàmọ́rù náà wò yíká. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ó dà bí ẹni pé ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé nínú gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn òun, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó rò pé òótọ́ lòun fẹ́ sọ. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Ìyá rẹ̀ mọ̀. Ó sọ nǹkan kan sínú àyà.

Àáfà ní òun kò gbọ́.

"Bàbá fún un," ni Kàmọ́rù wí. "Lẹ́nu odi ni. Mo wà níbẹ̀, mo tún rẹ́rìn-ín."

Àáfà fi aṣọ di Àlùkùránì padà. Ó ní ìbaaka ti kúrò nínú ogún, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa pín èyí tó kù. Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ara tu gbogbo ilé. Wọ́n ń ki Kàmọ́rù. Wọ́n ní ọkùnrin gidi ni, pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè sọ òtítọ́ tó korò bẹ́ẹ̀ níwájú ẹbí, wàláhì, ọmọ bàbá rẹ̀ ni. Ẹnì kan gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Ìyá ń sunkún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bàbá Ìlọrin, tí inú rẹ̀ ti dùn padà, wá yíjú sí Sarat tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ó yá, dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ."

Wọ́n ń dúró dè é. Kàmọ́rù pàápàá ń dúró, ojú rẹ̀ rọ̀, ó ti fẹ́ na ọwọ́ gbé e dìde.

Sarat dá ara rẹ̀ dìde.

"N kò ní í dúpẹ́," ó wí. "Kí ni mo fẹ́ dúpẹ́ fún? Nǹkan mi ló fẹ́ gbà, gbogbo yín lẹ jọ fẹ́ gbà á. Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá mi."

Ó kọjá láàárín wọn. Ó gbọ́ tí Bàbá Ìlọrin ń pe Ọlọ́run wá wo ọmọ òde òní. Kò wẹ̀yìn.

Láti ọjọ́ yẹn, Sarat kò jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó kó abẹ́rẹ́, ó kó irin tí wọ́n fi ń lu awọ, ó kó ẹsẹ̀ onígi tí wọ́n ń da awọ bò tí àwọn èèyàn pín fún un nínú ogún, ó lọ jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò lẹ́yìnkùlé. Bàtà tó bá rán, òun àti ìbaaka rẹ̀ ló ń gbé e lọ sí GRA. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúnàá-dúrà. Kò rọrùn fún un. Nígbà mìíràn, ìyàwó Ọlábánjí á ní kó tún un sọ, òun ò gbọ́, yóò sì tún un sọ.

Ó ń ṣe dáadáa sí Kàmọ́rù bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: ó ń kí i láàárọ̀, ó ń kúnlẹ̀, ó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, ó ń lo ẹ̀yin fún un. Kọjá ìyẹn, kò sí nǹkan kan. Nígbà tí awọ tán ní ṣọ́ọ̀bù, Kàmọ́rù rán ìyàwó rẹ̀ sí i pé bó bá ń lọ sí Birni, kó bá òun fi tòun kún ẹrù ìbaaka. Sarat ní ẹrù ìbaaka ti kún. Ọmọ́bísí wo ẹ̀yìn ẹranko náà, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ó padà lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, Ìyá gbé oúnjẹ wá sábẹ́ igi. Túwó ni, ọbẹ̀ kúkà ló bù lé e, ó sì ti ṣa ẹran tó dára jù sórí rẹ̀. Kò gbé e fún un lójú ẹsẹ̀. Ó dúró, ó ń wo bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọlé tó ń jáde.

"Títí dìgbà wo, Sarat?"

Sarat fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba àwo náà, ó dúpẹ́, ó sì gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ onígi.

"N kò tíì mọ̀, Ìyá," ó wí. "Inú ṣì ń bí mi."

Ìyá fà sẹ́yìn díẹ̀. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi náà, kò lọ. Sarat mú abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán lọ.